Ọmọ-Ẹ̀yìn Rẹ̀ Ni, tàbí Ọmọ-Ẹ̀yìn Wọn?

Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mo fi ń jẹun. Ìwé ẹ̀rí ìbí, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ẹjọ́ àti àdéhùn lórí ilẹ̀ ni àwọn ènìyàn sábà máa ń gbé wá bá mi, ìdí nìyí tí ó fi yà mí lẹ́nu nígbà tí ẹ̀gbọ́n kan tí a ti jọ ṣiṣẹ́ rí ní Èkó mú lẹ́tà kan wá, tí wọ́n sì ní kí n bá àwọn kọ ọ́ ní Yorùbá tí yóò yé ìyá àwọn. Ìyá náà ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, láti ọjọ́ pípẹ́ ni ó sì ti ń béèrè ohun tí ó gba ọmọ òun kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́tà náà kò gùn. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Keje ọdún 1977 ni wọ́n kọ ọ́, ní Vrindavan ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, orúkọ ènìyàn mọ́kànlá sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí "láti ìsinsìnyí lọ".

Ọmọ ìjọ Hare Krishna, tí wọ́n ń pè ní ISKCON, ni ẹ̀gbọ́n mi. Ní ọ́fíìsì nígbà náà, a mọ̀ wọ́n sí ẹni tí kì í jẹ ẹran, ẹja tàbí ẹyin, tí wọ́n sì máa ń gbé ẹ̀wà tí kò ní àlùbọ́sà wá láti ilé, èyí tí a fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí tí yẹ̀yẹ́ náà fi sú àwa fúnra wa. Wọ́n ní àpò aṣọ kékeré kan tí wọ́n máa ń ki ọwọ́ ọ̀tún bọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ 108 ni ó wà nínú àpò náà, ní irú bí tẹ̀sùbáà, orúkọ Ọlọ́run ni wọ́n sì fi ń kà, ìgbà 16 ni wọ́n ń kà á yí po lójoojúmọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti wà nínú ìjọ náà. Gúrù tí ó gbà wọ́n wọlé, tí ó sì sọ wọ́n ní orúkọ tuntun, ti fi ìjọ sílẹ̀ tipẹ́, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀.

Kí lẹ́tà yìí tó lè yé ìyá náà, mo ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí gúrù jẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Nínú ìjọ Onígbàgbọ́ tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, àlùfáà lè lọ kí òmíràn dé, kò sì sí ohun tí yóò ṣe ìrìbọmi mi. Lọ́dọ̀ àwọn tí ń sin Krishna gẹ́gẹ́ bí Ọlọ́run, tí wọ́n sì ń tẹ̀lé Chaitanya, ẹni mímọ́ tí wọ́n bí ní Nabadwip ní ilẹ̀ Bengal ní ọdún 1486, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ gba ọ̀rọ̀ mímọ́ lẹ́nu olùkọ́ rẹ̀, ó fi lé ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́wọ́, okùn náà kò sì gbọdọ̀ já. Ẹni tí ó bá fẹ́ dé ọ̀dọ̀ Krishna gbọ́dọ̀ di okùn yìí mú níbi tí ó ti kàn án, èyíinì ni lọ́wọ́ gúrù tí ó wà láàyè, tàbí, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti wá ń wí, lọ́wọ́ gúrù tí ó ti lọ ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà. Inú ọ̀rọ̀ "tàbí" yìí ni gbogbo ìjà náà wà.

A. C. Bhaktivedanta Swami Prabhupada ni ó dá ISKCON sílẹ̀. Kolkata ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1896. Ẹni ọdún 68 ni nígbà tí ó wọ ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ń jẹ́ Jaladuta lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1965. Àìsàn ọkàn dá a dùbúlẹ̀ lórí omi, owó tí ó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó gúnlẹ̀ kò tó nǹkan. Ní oṣù Keje ọdún 1966, ó fi orúkọ ìjọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní New York. Kí ó tó kú ní Vrindavan ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kọkànlá ọdún 1977, tẹ́ńpìlì rẹ̀ ti tó bí ọgọ́rùn-ún káàkiri ayé. Ẹ ó ti rí i pé "ó" ni mo ń lò fún un, tí mo sì ń lo "wọ́n" fún ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi rí i pẹ̀lú nígbà tí mo fi àkọsílẹ̀ yìí hàn wọ́n, kò sì dùn mọ́ wọn nínú. Ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ná, nítorí n óò padà sórí rẹ̀.

Ohun tí ó gbà mí lọ́kàn jù nínú ìtàn yìí ni pé ìjà náà kò bá Prabhupada lójijì. Ojú rẹ̀ ti rí irú rẹ̀ rí. Gúrù tirẹ̀ ni Bhaktisiddhanta Sarasvati, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ ìjọsìn Krishna tí ń jẹ́ Gaudiya Math sílẹ̀, tí ẹ̀ka rẹ̀ sì di 64. Nígbà tí ó kú ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1937, kò fi orúkọ àrólé kankan sílẹ̀. Ohun tí ó wí ni pé kí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn yan ìgbìmọ̀ tí yóò máa darí iṣẹ́, kí wọ́n sì fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi gbé Ananta Vasudeva sórí àga gẹ́gẹ́ bí olórí. Kunja Bihari, tí ó ti ń bójú tó ètò àti dúkìá ilé náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò gbà. Wọ́n gbé ara wọn lọ sí kóòtù, ilé sì pín: apá kan ń di Kolkata mú, apá kejì ń di Mayapur mú, àwọn tí ìjà náà sú sì fọ́n ká láti lọ dá tiwọn sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Sridhar Maharaj, tí ó kọ́ ilé ìjọsìn rẹ̀ sí Nabadwip ní ọdún 1941. Ananta Vasudeva tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jà kò sì jókòó pẹ́ lórí àga náà kí ó tó fi í sílẹ̀.

Prabhupada kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi kú. Nínú lẹ́tà kan tí ó kọ sí ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ Rupanuga ní oṣù Kẹrin ọdún 1974, ó ṣàlàyé pé bí gúrù òun bá ti rí ẹni tí ó tóótun ni, ì bá ti dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ó bá wọn sọ ọ̀pọ̀ nǹkan lóru ọjọ́ ikẹyìn rẹ̀ láìmẹ́nu ba àrólé. Gẹ́gẹ́ bí òye Prabhupada, èrò àgbà náà ni pé kí ìgbìmọ̀ máa ṣiṣẹ́ lọ, pé láàrin wọn ni ẹnì kan yóò ti yọrí, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò tàn fúnra rẹ̀, tí gbogbo wọn yóò sì mọ̀ pé òun ni láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi í joyè. Nítorí náà, ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Keje ọdún 1970, Prabhupada ti tètè gbé ìgbìmọ̀ alákòóso kan kalẹ̀ fún ISKCON, ènìyàn méjìlá ni wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, GBC sì ni gbogbo ọmọ ìjọ ń pè é. Nínú ìwé ìhágún rẹ̀ ti oṣù Kẹfà ọdún 1977, ó tún kọ ọ́ pé GBC ni àṣẹ àkóso tí ó ga jù lọ fún ìjọ náà.

Lójú tèmi, ohun tí ó jásí ni pé ó fẹ́ afọbajẹ tí yóò máa tọ́jú ìlú láìsí ọba lórí ìtẹ́, títí ọba yóò fi fara hàn fúnra rẹ̀. Ètò tí ó dára ni, bí àwọn afọbajẹ bá lè mú sùúrù.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1977, àìsàn ti mú Prabhupada gidi, àwọn GBC sì rán àwọn kan nínú ara wọn sí i ní Vrindavan láti béèrè ohun tí kò rọrùn láti bi àgbàlagbà tí ó wà lórí ibùsùn. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù náà ni, wọ́n sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí téèpù. Satsvarupa, ọ̀kan nínú wọn, ni ó béèrè bí ìgbàwọlé yóò ṣe máa lọ nígbà tí Prabhupada kò bá sí mọ́. Ó dáhùn pé òun yóò dárúkọ àwọn kan nínú wọn tí yóò máa ṣe é. Tamal Krishna, tí òun náà wà níbẹ̀, béèrè bóyá ritvik ni wọn yóò jẹ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ Sanskrit ni ritvik, àlùfáà tí ń bá ẹlòmíràn rú ẹbọ ni, tí ẹbọ náà kì í ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ gan-an: àwọn tí ritvik yìí bá gbà wọlé, ọmọ-ẹ̀yìn ta ni wọ́n?

Ibí yìí ni báírò mi ti dúró. Ìdáhùn Prabhupada ní Gẹ̀ẹ́sì lọ bí ẹni pé ó ní ọmọ-ẹ̀yìn "rẹ̀" ni wọ́n. Tamal Krishna tún ọ̀rọ̀ náà wí bí ó ṣe gbọ́ ọ, Prabhupada sì fi kún un pé ti ẹni tí ó ń gbani wọlé, pé ọmọ-ọmọ ni lọ́dọ̀ òun. Arọ́pò-orúkọ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún ọkùnrin, ì báà ṣe ọba, ì báà ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Nítorí náà, àwọn kan gbọ́ ọ pé ọmọ-ẹ̀yìn ritvik náà ni wọ́n, ìyẹn ni pé lẹ́yìn ikú Prabhupada, ẹni tí ó bá gbani wọlé di gúrù. Àwọn mìíràn gbọ́ ọ pé ọmọ-ẹ̀yìn Prabhupada fúnra rẹ̀ ni wọ́n, pé ó kàn fi ẹnu àwọn tí ń bi í léèrè dáhùn ni, nítorí pé ẹni kẹta ni wọ́n fi ń pè é. Àádọ́ta ọdún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tí àwọn ènìyàn tí wọ́n gbọ́n jù mí lọ ti ń fi téèpù yẹn sétí, tí wọ́n ń jiyàn lórí ibi tí ó ti mí, àti ibi tí ó yẹ kí àmì ìdánudúró wà.

Yorùbá kò gbà wá láyè bẹ́ẹ̀. Àgbà tí ń sọ̀rọ̀ ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ yóò wí pé "ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n", kò sì sí ẹni tí yóò rò pé ara rẹ̀ ni ó ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n bí Tamal Krishna ti ń tún un wí níwájú gúrù rẹ̀, bí ó bá rò pé ti Prabhupada ni, "ọmọ-ẹ̀yìn yín" ni yóò sọ, bí ó bá sì jẹ́ Satsvarupa ni ó ń tú u fún, "ọmọ-ẹ̀yìn wọn". "Rẹ̀" yóò jẹ́ àfojúdi. Olùtumọ̀ sí Yorùbá gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan, bí ó bá sì ti mú ọ̀kan, ó ti gbè sẹ́yìn apá kan nínú ìjọ náà kí ó tó dé ìparí gbólóhùn. Mo ti túmọ̀ ìwé ìpín ogún tí àwọn ọmọ baba kan fi gbé ara wọn lọ sí kóòtù, n kò sì rí i kí ọ̀wọ̀ tí à ń fún àgbà di ẹ̀rí nínú ẹjọ́ rí.

Nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kan náà, Prabhupada ṣàlàyé ìdí tí wọn kò fi lè jẹ́ gúrù lójú òun: ìwà ọmọlúàbí ni pé ọmọ-ẹ̀yìn kì í di gúrù níṣojú gúrù rẹ̀. Ó mẹ́nu ba àṣẹ Chaitanya pé kí àwọn tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ òun di gúrù, kí wọ́n sì gba ilẹ̀ wọn là. Ó ní nígbà tí òun bá pàṣẹ pé kí ẹnì kan di gúrù, ó di gúrù nìyẹn. Àwọn kan di "nígbà tí òun bá pàṣẹ" mú pé àṣẹ náà ṣì ń bọ̀, kò sì dé rárá. Àwọn kejì ní àṣẹ wo ni ẹ tún ń wá, ṣé kò ti wà nínú ọ̀rọ̀ Chaitanya láti bí ọ̀rúndún márùn-ún ni?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn èyí ni lẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi dé. Tamal Krishna ni ó kọ ọ́, Prabhupada fọwọ́ sí i nísàlẹ̀, àwọn GBC àti àwọn olórí tẹ́ńpìlì gbogbo ni wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí. Ó dárúkọ ènìyàn mọ́kànlá, ó pè wọ́n ní ritvik àti aṣojú Prabhupada. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, kí olórí tẹ́ńpìlì kọ̀ọ̀kan máa kọ orúkọ àwọn tí ó fẹ́ wọlé ránṣẹ́ sí èyí tí ó bá sún mọ́ ọn jù nínú àwọn mọ́kànlá, ó sì sọ ọ́ gbangba pé ọmọ-ẹ̀yìn Prabhupada ni àwọn tí wọ́n bá gbà wọlé. Kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó bá kú. Kò ní títí di ìgbà tí òun bá lọ, kò sì ní títí ayé. "Láti ìsinsìnyí lọ" nìkan ni. Mo gbìyànjú rẹ̀ ní Yorùbá lónírúurú ọ̀nà, láti òní lọ, láti àkókò yìí lọ síwájú, kò sì sí èyí tí ó sọ ibi tí "lọ" ń lọ.

Ohun tí ó tẹ̀ lé ikú rẹ̀ ni mo pè ní àìmúsùúrù àwọn afọbajẹ. Ní ọdún 1978, àwọn mọ́kànlá náà, tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn jẹ́ ọmọ GBC, kéde ara wọn ní gúrù, wọ́n sì pín ayé láàrin ara wọn. Ọ̀rọ̀ "èyí tí ó sún mọ́ ọn jù", tí ó jẹ́ pé ìrọ̀rùn ìfìwéránṣẹ́ lásán ni ó wà fún, di ààlà ilẹ̀ ọba: ẹni tí ó bá ń gbé ní agbègbè gúrù kan, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni ó ti lè gba ìgbàwọlé. Wọ́n lọ gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ Sridhar Maharaj ní Nabadwip, arákùnrin Prabhupada nípa ti ẹ̀mí, wọ́n sì padà wá ṣe àga gíga sínú tẹ́ńpìlì fún ara wọn, níbi tí àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn ti wá ń dọ̀bálẹ̀ fún wọn lówùúrọ̀.

Àwọn tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ ni mo máa ń rò nípa wọn. Ọmọ-ẹ̀yìn Prabhupada bíi tiwọn ni wọ́n, wọ́n ti jọ ta ìwé lójú pópó, wọ́n ti jọ sùn sórí ilẹ̀ kan náà.

Ọdún kẹta kò tíì parí tí ọ̀kan nínú àwọn mọ́kànlá fúnra rẹ̀ fi yí ohùn padà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1980, ní Topanga Canyon ní California, Tamal Krishna tí ó kọ lẹ́tà náà sọ fún àwùjọ kan pé Prabhupada kò yan gúrù kankan, pé ritvik ni ó yàn, àti pé ìpalára ńlá ni àwọn ṣe fún ìjọ nígbà tí àwọn sọ yíyan ritvik di yíyan gúrù. Àwọn alátakò rẹ̀ sọ pé GBC ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ ni, pé inú ń bí i. Ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìbínú máa ń tú àṣírí nígbà mìíràn. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí gúrù, ó sì wà níbẹ̀ títí ìjàǹbá ọkọ̀ fi pa á ní Íńdíà ní ọdún 2002.

Àwọn ìṣubú kò pẹ́ dé. Jayatirtha jáde ní 1982. Wọ́n lé Hamsadutta ní 1983. Bhagavan àti Ramesvara lọ ní 1986, Bhavananda àti Kirtanananda kúrò ní 1987. Mẹ́fà nínú mọ́kànlá ti lọ nígbà tí ọdún kẹwàá fi pé, Harikesa sì tẹ̀ lé wọn ní 1998. Ti Kirtanananda, tí ó kọ́ New Vrindaban sí orí òkè West Virginia, burú ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí pé ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti parí, ó sì ṣẹ̀wọ̀n láti 1996 títí di 2004.

Àtúnṣe kò wá láti òkè. Àwọn olórí tẹ́ńpìlì ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pàdé ní 1984 àti 1985, Ravindra Svarupa tí ó jẹ́ olórí tẹ́ńpìlì Philadelphia, ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀sìn, sì ni agbẹnusọ wọn. Kò sọ pé kí gúrù má sí mọ́. Ohun tí ó wí ni pé kò sí ìgbà kankan tí Prabhupada yan ọba mọ́kànlá, pé ọmọ-ẹ̀yìn tí ó bá tóótun lè di gúrù, ṣùgbọ́n kí gúrù náà wà lábẹ́ ìgbìmọ̀ bíi gbogbo ènìyàn. Nígbà tí yóò fi di 1987, wọ́n ti kó àwọn àga gíga kúrò, wọ́n ti pa ààlà rẹ́, ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé sì lè yan gúrù tí ọkàn rẹ̀ fẹ́.

Nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣí ìlẹ̀kùn yìí lọ́wọ́ ni Bhakti Tirtha Swami wọlé. Ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà láti Cleveland ni, tí ó kàwé ní Princeton, òun sì ni adúláwọ̀ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tí ó di gúrù nínú ìjọ náà, ní ọdún 1985. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà lára ibi tí ó ti ṣiṣẹ́ jù, Èkó pàápàá, wọ́n sì fi í joyè ní Warri. Ó kú ní ọdún 2005. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé ọjọ́ tí àwọn kọ́kọ́ rí ẹni tí ó dúdú bíi tàwọn lórí ìjókòó náà, tí ó ń ka ìwé mímọ́ Sanskrit láìwòwé, ni àwọn tó gbà pé ẹ̀sìn yìí kì í ṣe ti àwọn oyinbo tí wọ́n wọ aṣọ ọsàn.

Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni gúrù ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí gúrù tiwọn lọ, lẹ́tà kan dé láti òkè òkun pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ lọ gba ìgbàwọlé lẹ́ẹ̀kejì lọ́dọ̀ gúrù mìíràn. Wọ́n ní ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá sọ fún ọmọ pé baba rẹ̀ kì í ṣe baba rẹ̀, pé kí ó wọ ọjà lọ yan òmíràn. Orúkọ tí ọkùnrin náà sọ wọ́n ńkọ́? Ọ̀rọ̀ mímọ́ tí ó sọ sí wọn létí ọ̀tún ńkọ́, ṣé ó ti di òfo? Ọ̀rẹ́ wọn kan gba ìgbàwọlé lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀rín ni ó sì fi ń sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò lọ ṣe òmíràn. Wọ́n gbé àwòrán gúrù náà kúrò lára ògiri, wọ́n fi ti Prabhupada nìkan sílẹ̀, wọ́n sì ń ka ìlẹ̀kẹ̀ wọn lọ.

Ẹ ó wá rí ìdí tí ọ̀rọ̀ ritvik fi dùn létí wọn. Ní ọdún 1996, ọmọ ìjọ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Krishnakant kọ ìwé pélébé kan láti fi hàn pé lẹ́tà oṣù Keje ni àṣẹ ìkẹyìn: Prabhupada nìkan ni gúrù ISKCON títí láé, àwọn yòókù kàn ń ṣojú fún un ni. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, gúrù ẹ̀gbọ́n mi kò já wọn sílẹ̀ rí, nítorí pé kò fìgbà kan jẹ́ gúrù wọn. Aṣojú kan ni ó kú sọ́nà. GBC ní ẹ̀kọ́ òdì gbáà ni, pé kò sí ibi kankan nínú ìtàn ìran wọn tí òkú ti ń gba ènìyàn wọlé, àti pé okùn tí ó dúró sójú kan kì í ṣe okùn mọ́.

Tẹ́ńpìlì Bangalore ní Íńdíà ni apá ritvik yìí, tí ó gba ọ̀rọ̀ Krishnakant gbọ́, ti lágbára jù. Madhu Pandit Dasa ni olórí rẹ̀, ó jẹ́ ẹnjinníà, abẹ́ àkóso rẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́ tẹ́ńpìlì ńlá tí wọ́n ṣí ní 1997. Láti ibẹ̀ náà ni ètò oúnjẹ àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ń jẹ́ Akshaya Patra ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000. Àríyànjiyàn ẹ̀kọ́ di ẹjọ́ dúkìá. Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ dá Bangalore láre ní 2009, ilé ẹjọ́ gíga Karnataka yí i padà ní 2011 fún ISKCON Mumbai, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Íńdíà sì tún yí i padà fún Bangalore ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Ohun tí àwọn adájọ́ gbé yẹ̀ wò ni ẹgbẹ́ tí ó ra ilẹ̀ náà, bóyá èyí tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Mumbai ní 1971 ni, tàbí èyí tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Karnataka ní 1978. Ẹni tí ó jẹ́ gúrù kò sí lára ohun tí adájọ́ lè dá. Inú àwọn apá ritvik dùn bí ẹni pé wọ́n ti dá a fún wọn.

Ní ti GBC, ó ń fọwọ́ sí gúrù títí di òní, bí ìgbìmọ̀ ṣe ń fọwọ́ sí òṣìṣẹ́. Èyí ni mo rò pé ó ṣòro fún wọn jù láti bọ́ nínú rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń tàn fúnra rẹ̀ kò yẹ kí ó máa dúró de ìbò. Ẹ wo ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin: ní 2019 ni ìgbìmọ̀ náà fàyè gbà wọ́n láti máa gbani wọlé, àwọn aṣáájú ìjọ ní Íńdíà sì fárígá. Ìwé mímọ́ ni apá méjèèjì ń fà yọ, ṣùgbọ́n ìpàdé àti ìbò ni wọ́n fi parí rẹ̀.

Bí ẹ bá bi mí, lójú ẹni tí ó jókòó ti àwọn ìwé wọ̀nyí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà oṣù Keje kò yan gúrù kankan, ohun tí àwọn mọ́kànlá ṣe ní 1978 kò sì ní ìdúró nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ oṣù Karùn-ún kò jọ ti ẹni tí ó fẹ́ kí okùn náà parí sọ́dọ̀ òun. Ọ̀rọ̀ "ọmọ-ọmọ" ni ó mú mi. Ẹni tí kò retí pé kí ọmọ òun bímọ kì í sọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ. Mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó ní, "Àbúrò, ìwọ kò tíì pàdánù gúrù rí."

N kò rí èsì fún wọn. Mo tú lẹ́tà náà, mo sì tú apá téèpù tí ó kàn án sórí ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan pẹ̀lú "rẹ̀", ọ̀kan pẹ̀lú "wọn". Wọ́n gba méjèèjì, wọ́n ká wọn sínú Bhagavad-gita, ìwé mímọ́ wọn, wọ́n ní àwọn yóò ka èyí tí ó bá tọ́ fún ìyá àwọn lọ́jọ́ Àìkú.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n pè mí lórí fóònù. Wọ́n kò sọ èyí tí wọ́n kà. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá mo lè yọ "lọ" kúrò lẹ́yìn "láti ìsinsìnyí". Mo ní ẹ̀gbọ́n, gbólóhùn náà kò ní dúró mọ́. Wọ́n ní kò burú, kí n fi í sílẹ̀.